Eré Nìkan Kọ́ Ni Two-Stroke, Ẹ Sọ Ìyókù Fún Wa

Ọ̀rọ̀ yìí ti pẹ́ lọ́kàn mi, ẹ jẹ́ n sọ ọ́ jáde. Ẹ̀yin bàbá wa àti ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n tẹ́ ẹ gun máṣíìnì lókè ọya níbí láyé ijọ́un, ní Kánò, ní Zaria, ní Kàdúná, ní Jos, ẹ̀yin ni mo ń bá sọ̀rọ̀, pẹ̀lú ọ̀wọ̀ ni o.

Tọ́rọ̀ Suzuki AX100 tàbí Yamaha DT, àwọn máṣíìnì two-stroke àtijọ́ yẹn, bá ti délẹ̀ níbi ìkómọ tàbí lẹ́yìn ìpàdé ẹgbẹ́ ọmọ ìlú, eré náà lẹ máa ń sọ. Ẹnì kan á ní òun àti bọ́ọ̀sì jọ kúrò ní Zaria ni, òun ti wẹ̀ ní Kánò kí bọ́ọ̀sì tó wọlé. Ẹlòmíì á ní tòun kọjá bẹ́ẹ̀. A ó rẹ́rìn-ín, a ó pàtẹ́wọ́, ó tán. Mi ò ní eré yẹn ò ṣẹlẹ̀ o. Ohun tí mò ń sọ ni pé ìdajì ìtàn nìyẹn. Bí eré ọ̀hún ṣe ń wáyé, àti ohun tí ọwọ́ yín pẹ̀lú etí yín mọ̀ tẹ́ ẹ fi kápá ẹ̀, kò sẹ́ni tó ń sọ ìyẹn fáwa tá a dé lẹ́yìn, àwọn tó mọ̀ ọ́n sì ti ń dàgbà.

Ẹ wò ó, AX100 ò tóbi. Ẹ́ńjìnnì ẹ̀ ò tiẹ̀ pé 100cc géérégé. Tó bá jẹ́ ti nọ́ńbà nìkan, Bajaj Boxer táwọn ọmọ ń gùn ní Nyanya àti Mararaba lónìí ò fi bẹ́ẹ̀ rẹ̀yìn sí i. Kí ló wá dé tó fi jẹ́ pé orúkọ AX100 ló ń mú ojú àgbà tàn? Ìdí wà ńbẹ̀. Two-stroke ni AX100, four-stroke ni Boxer. Two-stroke, gbogbo ìgbà tí pístìn, irin tó ń lọ sókè sódò nínú ẹ́ńjìnnì, bá gòkè ló ń tanná, four-stroke ní tiẹ̀ á gòkè lẹ́ẹ̀mejì kó tó tanná lẹ́ẹ̀kan. Kò ní fáàfù lórí, kò ní irin púpọ̀ tó ń gbé kiri, ó fúyẹ́, agbára tó ń jáde nínú ẹ̀ sì ju bó ṣe mọ lọ. Àmọ́ agbára yẹn kì í wá bó o bá ṣe ń pè é o, ibí lọ̀rọ̀ ti dùn. Tó o bá ń rọra lọ, á máa ṣe bí ẹni tí oorun ń kùn, á máa dún rẹ́ndẹ̀n-rẹ́ndẹ̀n, èéfín búlúù á máa tẹ̀ lé e, tó o bá wá ń fún un níná tó dé ibì kan báyìí, ohùn ẹ̀ á yí padà lójijì, á di ẹ̀ẹ̀ẹ̀nnn, apá rẹ á nà gbọọrọ, ìdí rẹ á sún sẹ́yìn lórí síìtì, ẹni tó o gbé sẹ́yìn á pariwo. Four-stroke máa ń fún èèyàn ní tiẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Two-stroke á fi pamọ́ ná, á wá kó gbogbo ẹ̀ lé ẹ lọ́wọ́ pọ̀. Èmi gbà pé ìṣẹ́jú àáyá yẹn lẹ ń rántí tẹ́ ẹ bá ń sọ pé ó sáré.

Ohun tó ń fà á nìyí, ó sì wù mí kí gbogbo èèyàn mọ̀ ọ́n. DT175 tí wọ́n gbé fún bàbá mi níbi iṣẹ́ àgbẹ̀ ìjọba ní Funtua, páìpù ẹ̀ wú níkùn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ́ńjìnnì, ó wá fún padà bó ṣe ń lọ sí ìdí ẹ̀. Ìwú yẹn kì í ṣe fún ẹwà. Two-stroke máa ń ṣílẹ̀kùn fún èéfín láti jáde àti fún epo tuntun láti wọlé nígbà kan náà, epo tuntun á sì fẹ́ bá èéfín jáde lọ láìjó. Tí wọ́n bá ṣe ìwú àti ìfún páìpù náà bó ṣe yẹ, ìgbì èéfín tó sáré jáde á kọ́kọ́ fa epo wọlé, á wá lọ lu ibi tó fún, á padà, á ti epo tó fẹ́ sá lọ padà sínú sílíńdà. Ó ní iye eré tí ẹ́ńjìnnì gbọ́dọ̀ máa sá kí méjèèjì tó bára mu, ibẹ̀ gan-an lohùn ti ń yí padà. Ẹni tó wádìí ẹ̀ délẹ̀ ni Walter Kaaden, ẹnjiníà ilé iṣẹ́ MZ ní Ìlà Oòrùn Jámánì. Lọ́dún 1961 ni Ernst Degner tó ń bá wọn gun máṣíìnì ìdíje sá lọ mọ́ wọn lọ́wọ́ níbi ìdíje kan ní Sweden, ó gbé ìmọ̀ náà fún Suzuki, nígbà tó fi máa di 1962 ó ti gba ipò kìíní àgbáyé 50cc fún wọn. Suzuki yẹn náà ló padà ṣe AX100, kí Jincheng ti Nanjing ní Ṣáínà tó máa ṣe é, tó sì kún gbogbo àríwá débi pé àwọn kan ò mọ orúkọ míì tí wọ́n ń pe máṣíìnì ju Jincheng lọ.

Àwọn ńlá ńlá ẹ̀ ò fi bẹ́ẹ̀ dé ọ̀dọ̀ wa. Kawasaki H1 jáde lọ́dún 1969, 500cc, sílíńdà mẹ́ta, agbára ẹṣin 60, bírékì dúrọ́ọ̀mù ló sì wà níwájú ẹ̀, ìyẹn ò tó rárá. H2 tẹ̀ lé e lọ́dún 1972, 750cc, agbára ẹṣin 74. Ní Amẹ́ríkà wọ́n ní ó ń sọ ìyàwó di opó, torí táyà iwájú máa ń kúrò nílẹ̀ tí agbára bá dé, férémù ẹ̀ á sì máa gbọ̀n tó bá wọ kọ́nà. Yamaha gbé RD350 jáde lọ́dún 1973, àwọn ará Íńdíà náà ṣe tiwọn lẹ́yìn ìgbà yẹn, Rajdoot 350, àwọn tó ní i ṣì ń tọ́jú ẹ̀ dòní. Níbi ìdíje àgbáyé ti 500cc, Giacomo Agostini gbà á lórí Yamaha lọ́dún 1975, two-stroke àkọ́kọ́ tó gbà á nìyẹn, kò sì sí four-stroke tó tún gbà á mọ́ títí Valentino Rossi fi fi Honda, two-stroke náà ni, gba èyí tó kẹ́yìn lọ́dún 2001. Ìdílé yẹn ni máṣíìnì tẹ́ ẹ gùn lọ sọ́jà ti wá.

Èyí tí mo fẹ́ràn jù wá ni ohun tẹ́yin fúnra yín kì í kà sí ìtàn. Ẹ̀gbọ́n wa kan wà, ọmọ Ọ̀fà, tó ṣe mẹkáníìkì ní Zaria títí irun ẹ̀ fi funfun. Á tú púlọ́ọ̀gì, á gbé e sójú oòrùn, á wò ó. Tó bá dúdú tó lọ́ràá, ọ́ìlì ti pọ̀ jù tàbí kàbúrétọ̀ ń da epo. Tó bá funfun, epo ò tó, kí wọ́n tètè wá nǹkan ṣe sí i kí ẹ́ńjìnnì tó nọ́ọ̀kì. Tó bá ṣe búráùn, máa lọ. Ó ní máṣíìnì tó ń ṣe dáadáa ní Kàdúná, tó bá gun òkè dé Jos á bẹ̀rẹ̀ sí í wúwo, torí atẹ́gùn òkè ibẹ̀ fẹ́lẹ́, epo wá pọ̀ jù fún un. Tó bá sì ń sọ̀ kalẹ̀ ní Hawan Kibo, òkè gígùn téèyàn ń sọ̀ tó bá ń kúrò ní Jos, ewu míì tún nìyẹn. Ọ̀pọ̀ ọlọ́kadà ló ti yọ pọ́ǹpù ọ́ìlì kúrò torí wọn ò fọkàn tán an, wọ́n ń da ọ́ìlì sínú táńkì fúnra wọn, inú epo lọ́ìlì wà, tó o bá wá dáwọ́ iná tó ò ń fún un dúró pátápátá lórí ìdàgẹ̀rẹ̀ gígùn bẹ́ẹ̀ tí táyà ṣì ń yí ẹ́ńjìnnì, epo ò wọlé, ọ́ìlì náà ò wọlé, pístìn á gbẹ, á lẹ̀ mọ́ sílíńdà, táyà ẹ̀yìn á dúró gbagidi pẹ̀lú èèyàn lórí ẹ̀. Ìdí nìyẹn táwọn tó mọ̀ ọ́n fi máa ń di kúlọ́ọ̀ṣì mú, tí wọ́n á máa fún un níná fìn-ín, fìn-ín, bí wọ́n ṣe ń sọ̀ kalẹ̀. Àwọn ọmọ tó ń wò wọ́n lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì rò pé yàngà ni wọ́n ń ṣe! Tí eré ẹ̀ bá sì lọ sílẹ̀, wọ́n á fa inú sáílẹ́ńsà yọ, wọ́n á jù ú síná kí ẹ̀gbin dúdú tó dì síbẹ̀ jó dànù. Ìmọ̀ gidi ni gbogbo eléyìí, kò sí níléèwé kankan.

Mi ò ní kí two-stroke padà sí títì o. Epo tó ń bá èéfín jáde láìjó yẹn, àwa là ń fà á símú, ẹni tó bá gbé Kánò nígbà tí àṣábà, ìyẹn ọ̀kadà, kún ibẹ̀ mọ bí ojú ṣe máa ń ta á nírọ̀lẹ́. Amẹ́ríkà ti ń fi òfin èéfín lé wọn kúrò ní títì láti 1978. Abuja lé ọ̀kadà kúrò nígboro lọ́dún 2006, Kánò fòfin de kíkó èrò lórí máṣíìnì lọ́dún 2013, four-stroke ti gba ibi tó kù. Ó dáa bẹ́ẹ̀. Àwọn tó kú lórí eré yẹn náà pọ̀, a ò gbọdọ̀ máa fi wọ́n pa ìtàn adùn.

Àmọ́ ọ̀rọ̀ gwangwan, àwọn tó ń ra irin àlòkù, ń dùn mí. Ilé wo ní Sabon Gari ni ò ní òkú máṣíìnì kan lẹ́yìnkùlé? Àwọn ọlọ́mọlanke á wá, wọ́n á gbé e sórí òṣùwọ̀n, owó táṣẹ́rẹ́, ó di ọjà Panteka ní Kàdúná tàbí Kofar Ruwa ní Kánò, wọ́n á tú u, ó tán. Ẹ jọ̀ọ́, kẹ́ ẹ tó tà á, ẹ pe bàbá tó gùn ún, ẹ jẹ́ kó jókòó tì í, ẹ fi fóònù gba ohùn ẹ̀ sílẹ̀. Ẹ má bi í pé báwo ló ṣe sáré tó. Ẹ bi í pé ìdérí ọ́ìlì mélòó ló ń dà sí gálọ́ọ̀nù epo kan, ibo lohùn ẹ̀ ti ń yí padà, kí ló ń ṣe tí ọyẹ́ bá mú tí kò fẹ́ jí láàárọ̀, báwo ló ṣe ń sọ òkè kalẹ̀.

Tẹ́ ẹ bá sì fẹ́ jí i, ẹ má kàn fẹsẹ̀ kan kíkì. Ẹ tú púlọ́ọ̀gì, ẹ kán ọ́ìlì díẹ̀ síhò ẹ̀, ẹ jẹ́ kó sùn mọ́jú, kẹ́ ẹ wá fọwọ́ rọra tẹ kíkì títí pístìn á fi máa lọ tó ń bọ̀. Ẹ da epo àtijọ́ nù, ẹ fọ kàbúrétọ̀. Tó bá jí, inú yín á dùn, ẹ ó fẹ́ gbé e jáde lójú ẹsẹ̀, ẹ ní sùúrù. Síìlì méjì, rọ́bà tó ń dí atẹ́gùn, ló wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ kíránkì, irin tí pístìn ń yí, ọ̀tún àti òsì, bí máṣíìnì bá ti pẹ́ nílẹ̀ wọ́n máa ń gbẹ, wọ́n á máa fa atẹ́gùn wọlé, epo ò ní tó mọ́, ẹ́ńjìnnì á nọ́ọ̀kì kẹ́ ẹ tó dé ọ̀nà. Ẹ pààrọ̀ méjèèjì kó tó di pé ẹ gbé e jáde.