Ẹni Tó Gbàgbọ́ Ni Ọ̀wọ̀ Tọ́ Sí

Ní oṣù Kìíní ọdún 1697, wọ́n yẹgi fún akẹ́kọ̀ọ́ kan tó ń jẹ́ Thomas Aikenhead ní ìlú Edinburgh, ní Scotland. Ọmọ 20 ọdún ni. Kò pààyàn, kò jalè. Ẹnu rẹ̀ ló kó bá a. Wọ́n ní ó pe ẹ̀kọ́ ẹ̀sìn ní ìsọkúsọ, àti pé lọ́jọ́ kan tí òtútù mú, ó ní ó wu òun kí òun wà ní ọ̀run àpáàdì, kí òun lè ríná yá. Ó bẹ̀bẹ̀, ó ní òun ti yí padà, wọn ò dá a lóhùn.

Àwọn tó pa á gbà pé ọ̀wọ̀ ẹ̀sìn ni àwọn ń gbèjà. Ìdí nìyí tí ara fi ń fu wá nígbàkígbà tí ẹnìkan bá ní dandan ni kí aláìgbàgbọ́ bọ̀wọ̀ fún ìgbàgbọ́ ẹlòmíràn. Ọ̀wọ̀ wo?

Ẹ jẹ́ ká wò ó níbi òkú. Wọ́n ti gbé pósí sílẹ̀, àdúrà ń lọ, gbogbo èèyàn dijú. Ọkùnrin kan tí kò gba Ọlọ́run gbọ́ wà láàárín wọn, torí ọ̀rẹ́ rẹ̀ ló kú. Nígbà tí wọ́n dìde, ó dìde. Ó dákẹ́, kò wo fóònù, kò sì ṣe àmín. Lójú tiwa, ó ti ṣe ohun tó yẹ kó ṣe. Ẹni tó bá rọ̀ mọ́ ọn pé àfi kó ṣe àmín, irọ́ ló ń bẹ̀ ẹ́ pé kó pa níwájú òkú.

Àmọ́ bó bá yíjú sí opó náà, tó ní asán ló ń ké pè, ìwà ìkà ló hù. Àdúrà yẹn lè jẹ́ ohun kan ṣoṣo tó gbé obìnrin náà ró lóru àná. Ẹni tó ń ṣọ̀fọ̀ kọ́ là ń bá jiyàn.

Ìgbàgbọ́ fúnra rẹ̀ ńkọ́? Ó gbọ́dọ̀ lè gba ìbéèrè, pàápàá nígbà tí wọ́n bá fẹ́ fi ṣòfin lé ẹni tí kò sí nínú ẹ̀sìn náà lórí. Àwọn ẹlẹ́sìn gan-an ń ṣe é: ohun tí ẹ̀sìn kan pè ní mímọ́, èkejì ń wàásù ní gbangba pé èké ni. Kí ló dé tó fi jẹ́ aláìgbàgbọ́ nìkan ni yóò panu mọ́?

Ní ọdún 2011, Ìgbìmọ̀ Ẹ̀tọ́ Ọmọnìyàn ti Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé sọ ọ́ gbangba pé òfin tó ń fìyà jẹ èèyàn torí pé ó tàbùkù ẹ̀sìn kò bá àdéhùn àgbáyé ti ọdún 1966 lórí ẹ̀tọ́ aráàlú àti ẹ̀tọ́ ìṣèlú mu, àfi tí ọ̀rọ̀ náà bá ń ru ìkórìíra sókè débi ìwà ipá tàbí ìyàsọ́tọ̀. A fara mọ́ ọn pátápátá.

Ọdún 2021 ni ilé aṣòfin Scotland tó dìbò fagi lé ẹ̀sùn ọ̀rọ̀-òdì sí ẹ̀sìn, ọdún 324 lẹ́yìn ikú Aikenhead. Ní Pakistan, ikú ṣì wà nínú ìwé òfin fún irú ẹ̀sùn bẹ́ẹ̀ lónìí. Kí wọ́n fà á ya.