Èsì wa sí oníbàárà tó fún iṣẹ́ wa ní ìràwọ̀ kan péré lórí ìkànnì, nítorí ilé gíà TH400

Ẹ̀gbọ́n wa, a dúpẹ́ pé ẹ kọ̀wé.

Ẹ ní a gba 3,400 dọ́là lọ́wọ́ yín láti fún ilé gíà ọkọ̀ eré orí iyanrìn yín lágbára, pé ó là láàrin ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, àti pé iṣẹ́ ojú lásán ni iṣẹ́ wa. Ibi tí ó ti là ni ẹ kò kọ. Nítorí àwọn tí yóò ka èyí kí wọ́n tó gbé gíà tiwọn wá bá wa ní Houston, a ó sọ ọ́.

Ọjọ́ 4 oṣù Kẹta ni ẹ gbé e wá, ẹ sì ní agbára ẹṣin 650 ni ẹ́ńjìnnì yín ní. Nígbà tí General Motors gbé gíà TH400 yìí, tó ń yí fúnra rẹ̀, jáde ní 1964, alumíníọ̀mù ni wọ́n fi da ilé rẹ̀, agogo iwájú tó bo kọnfátà (ohun tó ń gbé agbára ẹ́ńjìnnì wọ inú gíà) sì jẹ́ ọ̀kan ṣoṣo pẹ̀lú ilé náà. Ọ̀gá tó ń gé irin fún wa, ẹni tó ti lo ọdún 19 lẹ́nu iṣẹ́ yìí, gé agogo náà kúrò, ó sì de èyí tó nípọn, tó ní àmì ìdánwò SFI, àjọ tó ń ṣe ìlànà ààbò fún ẹ̀yà ọkọ̀ eré, dípò rẹ̀. Ó tún fi òrùka irin tín-ín-rín sí abẹ́ àtìlẹ́yìn àárín, ìyẹn irin tó di àwọn ẹ̀yà inú gíà mú láàrin, torí pé bí ẹ́ńjìnnì bá fi agbára tì í lójijì, àtìlẹ́yìn yẹn á fẹ́ yí, á sì máa jẹ eyín inú ilé gíà díẹ̀díẹ̀.

Ibi méjì yẹn ni ẹ sanwó fún. Nígbà tí ẹ gbé e padà ní ọjọ́ 2 oṣù Karùn-ún, a kun oògùn pupa tó ń tú àṣírí ojú ìlà sí i níṣojú yín: agogo mọ́, àárín mọ́. Ìdí ilé gíà náà, lẹ́yìn, ló là, ìlà tín-ín-rín bí irun, láti ihò bóòtù kan dé èkejì, níbi tí transfer case (àpótí gíà tó ń pín agbára sí táyà iwájú àti ti ẹ̀yìn) ti so kọ́. Bí ọkọ̀ bá fò kọjá òkìtì iyanrìn tó sì balẹ̀, ìwúwo ẹ̀rọ yẹn, pẹ̀lú ipá ìyípo tí gíà kékeré rẹ̀ ń sọ di ìlọ́po, ìdí alumíníọ̀mù yẹn ni gbogbo rẹ̀ ń já lé.

Arábìnrin tó ń gba oníbàárà níwájú ti sọ èyí fún yín ní ọjọ́ 20 oṣù Kẹta tí ẹ wá gbé e. Ó ní kí ẹ fi 185 dọ́là kún un fún irin tí yóò gbé transfer case náà lé férémù. Ẹ ní kí a kàn jó irin díẹ̀ mọ́ ìdí rẹ̀. A kò gbà, nítorí iná wẹ́dà á sọ alumíníọ̀mù náà di rírọ̀, á sì wọ́ ihò tí ṣáfútì gbà kọjá. Ẹ kọ irin náà, ẹ fọwọ́ sí ìwé, ìwé náà sì wà lọ́wọ́ wa. Ti nitrous, gáàsì tó ń fi agbára kún ẹ́ńjìnnì, tí ẹ fi kún un lẹ́yìn tí ẹ kúrò lọ́dọ̀ wa, a kò tíì sọ ọ́. Ìgò rẹ̀ hàn kedere nínú fọ́tò tí ẹ̀yin fúnra yín fi síbí.

Síbẹ̀, ẹ máa bọ̀. Ẹ ra ilé gíà mìíràn, a ó gé e, a ó gbé agogo yín sí i, a ò ní gba kọ́bọ̀ fún iṣẹ́ ọwọ́ wa. Irin 185 dọ́là náà ṣì wà lórí pẹpẹ. Lọ́tẹ̀ yìí, a ó dè é mọ́ ọn kí a tó bi yín, ẹ ó sì sanwó rẹ̀.