Ẹ ka Léfítíkù orí 5 dópin kẹ́ ẹ tó ní àfi ẹ̀jẹ̀

Láàárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun tó kọjá, súnkẹrẹ-fàkẹrẹ há wa mọ́ orí afárá Carter nínú dánfó tó ń ti Oyingbo lọ sí Ìdúmọ̀tà. Oníwàásù kan gbóhùn sókè láàárín wa. Ó ní láti ayé Mósè, kò sí ẹ̀ṣẹ̀ kan tí Ọlọ́run dárí rẹ̀ jini láìsí ẹ̀jẹ̀ ẹran lórí pẹpẹ. Gbogbo ọkọ̀ ṣe àmín. Èmi ò ṣe é. Ọ̀rọ̀ yìí ti sú mi. Àwọn tó ń bẹnu àtẹ́ lu Bíbélì náà ti sọ ọ́ di ohun ìjà: wọ́n á ní Dáfídì sọ pé Ọlọ́run ò fẹ́ ẹbọ, Mósè ní àfi ẹ̀jẹ̀, ẹ ò rí i pé ìwé yín ń ta ko ara rẹ̀. Àtàwọn àtoníwàásù, kò sẹ́ni tó ka òfin náà dópin.

Ẹ ṣí Léfítíkù orí 5. Ẹni tó mọ̀ nípa ọ̀rọ̀ tí kò jẹ́rìí, ẹni tó fọwọ́ kan ohun àìmọ́, ẹni tó fẹnu ara rẹ̀ búra láìronú, gbogbo wọn ló jẹ̀bi. Kí ẹni bẹ́ẹ̀ mú abo ọ̀dọ́ àgùntàn tàbí abo ewúrẹ́ wá. Bí agbára rẹ̀ ò bá ká ẹran, kó mú àdàbà méjì tàbí ọmọ ẹyẹlé méjì. Ibẹ̀ ni wọ́n ti máa ń pa ìwé dé. Ẹsẹ 11 ṣì wà níwájú: bí agbára rẹ̀ ò bá ká ẹyẹ, kó mú ìdámẹ́wàá éfà ìyẹ̀fun dáradára. Éfà kan tó nǹkan bíi lítà 22, nítorí náà ohun tí wọ́n ń béèrè ò ju lítà méjì àti díẹ̀ lọ, bíi kóńgò kan tó kún dáadáa. Kò gbọdọ̀ da òróró sí i, kò gbọdọ̀ fi tùràrí lé e. Òfin fúnra rẹ̀ sọ ìdí rẹ̀: nítorí pé ẹbọ ẹ̀ṣẹ̀ ni. Ọrẹ ohun jíjẹ ti orí 2 ló máa ń ní òróró àti tùràrí; èyí yàtọ̀ sí i. Orúkọ tí ẹran ń jẹ́ lórí pẹpẹ ni ìyẹ̀fun yìí náà ń jẹ́. Àlùfáà á bu ẹ̀kúnwọ́ kan, á sun ún, ẹsẹ 13 á wá ní ó ti ṣe ètùtù fún un, a ó sì dárí jì í. Ẹ̀kán ẹ̀jẹ̀ kan ò sí níbẹ̀.

Wọ́n á ní ẹ̀jẹ̀ ẹran àwọn ẹlòmíì tó ti wà lórí pẹpẹ ló gbè é lẹ́sẹ̀. Ẹsẹ wo ló sọ bẹ́ẹ̀? Hébérù 9:22 tí wọ́n ń kà sí wa létí gan-an ní ó "fẹ́rẹ̀" jẹ́ ohun gbogbo ni a ń fi ẹ̀jẹ̀ wẹ̀ gẹ́gẹ́ bí òfin. Fẹ́rẹ̀! Ẹni tó kọ ọ́ mọ Léfítíkù dáadáa. Mo gbà pé Léfítíkù 17:11 le díẹ̀, torí ó ní ẹ̀jẹ̀ ló ń ṣe ètùtù fún ọkàn, àmọ́ ìdí tí wọn ò fi gbọdọ̀ jẹ ẹ̀jẹ̀ ló ń ṣàlàyé níbẹ̀. Nínú Númérì 16, tùràrí ni Áárónì gbé sáré dúró láàárín òkú àti alààyè, ètùtù sì ṣe. Àwọn ará Nínéfè gbààwẹ̀, wọ́n yí padà, ó tán. Ti Dáfídì ńkọ́? Orin 51 kan náà tó ní ìròbìnújẹ́ ọkàn ni ẹbọ Ọlọ́run ló fi akọ màlúù lórí pẹpẹ parí.

Èmi náà ń jẹ Oúnjẹ Olúwa, mo gba ẹ̀jẹ̀ Jésù gbọ́. Ohun tó ń bí mi nínú ni ohun tí wọ́n fi gbólóhùn yẹn gbà lọ́wọ́ màmá mi.

Ọmọ ọdún 13 ni mí nígbà yẹn. Ara àbúrò mi ò yá, ìjọ kan ní Ẹ̀bútẹ́ Mẹ́tta sì ní kí màmá mú àgbò wá fún ètùtù ẹ̀ṣẹ̀ ilé wa. Ó kúnlẹ̀, ó ní òun ò lágbára àgbò. Wọ́n ní láìsí ẹ̀jẹ̀, kò sí ìdáríjì. Ó bẹ alájọ kó fún òun ní tòun ṣáájú kí oṣù tó parí. Lálẹ́ ọjọ́ yẹn, ó tú owó náà nínú kókó ìdí ìró rẹ̀, ó kà á lẹ́ẹ̀mẹta lórí ibùsùn, kò bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀. Ọjọ́ méjì ni àgbò fi ké lẹ́nu géètì wa kí wọ́n tó wá mú un.

Fúláwà ni màmá mi ń tà ní Oyingbo, fún àwọn tó ń dín puff-puff. Á bu kóńgò kan, á wá fi ẹ̀kúnwọ́ kan ṣe ènì lé e lórí. Àpò ìyẹ̀fun dáradára wà lẹ́bàá ẹsẹ̀ rẹ̀ lójoojúmọ́, kò sì sẹ́nì kan nínú wọn tó ka ẹsẹ 11 sí i létí.