Sípíkà Tí Kò Níwájú, Tí Kò Lẹ́yìn

Ẹ kú oríire o, ẹ̀yin tí ẹ ti rówó ra sípíkà tí kò níwájú, tí kò lẹ́yìn. Àṣà tuntun ti dé sáàárín àwọn tó ń kọ́ yàrá ìgbọ́rin sínú ilé, ẹ ò sì gbẹ́yìn. Sípíkà alápòótí tó ń kọjú síni, tiwa nìyẹn, àwa tí ojú wa ò tíì là. Tiyín dúró gbagidi láàárín ilẹ̀, ó ń da ohùn sọ́tùn-ún, ó ń dà á sósì, ó ń dà á lu ògiri tó wà lẹ́yìn rẹ̀, kò sì sẹ́ni tó lè búra pé òun mọ ibi tó kọjú sí.

Ẹjọ́ tí wọ́n máa ń rò fún un dùn ún gbọ́. Wọ́n á ní, ṣé ẹnì kan ṣoṣo ni ìlù máa ń kọjú sí ni? Ṣé ohùn olórin nínú gbọ̀ngàn kì í kan àjà, kó kan ògiri, kó tó wá bá wa létí? Òótọ́ ni. Ohun tí wọ́n gbàgbé ni pé makirofóònù tó gba orin náà sílẹ̀ ti gbọ́ àjà àti ògiri gbọ̀ngàn yẹn, ó sì ti kó gbogbo rẹ̀ mọ́ orin. Yàrá tiwọn náà wá ń dá sí i báyìí. Gbọ̀ngàn ńlá wà nínú orin, orin wà nínú yàrá kékeré, onílé ń mirí: "Ẹ ò rí i bó ṣe gbòòrò tó?"

Ká má parọ́, iṣẹ́ ọpọlọ wà níbẹ̀. Lincoln Walsh, onímọ̀ ẹ̀rọ ará Amẹ́ríkà, ló ronú pé kí wọ́n da ojú kóònù, ìyẹn awọ tó ń gbọ̀n nínú sípíkà tí ohùn fi ń jáde, délẹ̀ kí ohùn lè máa ti ara rẹ̀ jáde yíká. Ó kú ní 1971, kí ilé-iṣẹ́ Ohm tó gbé e dé ọjà. Ní Berlin, ilé-iṣẹ́ mbl to àwọn abala tín-ín-rín yípo, wọ́n á máa wú, wọ́n á máa súnkì bí orin bá ti ń lọ. Sípíkà Bose 901 ti 1968 kì í ṣe ti yíká gan-an, ṣùgbọ́n ẹ̀yìn ló fẹ́ràn jù: kóònù mẹ́sàn-án ló wà nínú rẹ̀, mẹ́jọ kọjú sí ògiri, ẹyọ kan ló kọjú sí ẹni tó sanwó. Gbogbo orúkọ wọ̀nyí ni onílé máa fi kí àlejò káàbọ̀ kó tó fún un ní àga. Kò tiẹ̀ ní fún un ní àga, torí ẹyọ kan ṣoṣo ló wà nínú yàrá náà.

Ohun tó ń pa mí lẹ́rìn-ín ni pé ìdajì ohun tí wọ́n rà, wọ́n ti ní in tẹ́lẹ̀. Ohùn ìsàlẹ̀, èyí tó ń mi àyà, kò mọ iwájú, kò mọ ẹ̀yìn. Ìgbì ohùn 100 Hz, èyí tó ń gbọ̀n nígbà 100 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, gùn tó mítà 3.4, ó tóbi ju àpótí lọ, ńṣe ló máa yí i ká. Gbogbo sípíkà alápòótí tí ẹ ń bú ló ti ń da báàsì káàkiri látijọ́. Ohùn òkè nìkan ló máa ń lọ tààrà, òun nìkan lẹ sì sanwó lé lórí pé kó máa rìn yíká. Echo, ẹ̀rọ kékeré tó ń báni sọ̀rọ̀ tí Amazon gbé jáde ní 2014, òun náà ń da ohùn yíká. Kò sẹ́ni tó kọ́ yàrá fún un.

Ẹ lọ kí ọ̀kan nínú wọn wò. Ẹ ò tíì kí i tán tí á ti máa darí yín.

"Ẹ dúró síbi fèrèsé yẹn, ẹ̀gbọ́n. Ṣé ẹ ń gbọ́ ọ?"

"Mò ń gbọ́ ọ, àbúrò."

"Ẹ bọ́ sẹ́yìn ìlẹ̀kùn. Ṣé ó yàtọ̀?"

"Kò yàtọ̀."

"Ẹ bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ díẹ̀."

Ẹ̀gbọ́n tí orúnkún ń dùn á bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀. Kò yàtọ̀ náà. Onílé á wá fẹ́yín síta, á lọ jókòó sórí àga rẹ̀. Ẹ wo àga yẹn dáadáa. Ó ti lẹ téèpù mọ́lẹ̀ yí ẹsẹ̀ rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ká kó má baà ṣí nípò, ó sì ti wọn ọ̀nà tó wà láàárín orí rẹ̀ àti sípíkà kọ̀ọ̀kan kí méjèèjì lè dọ́gba. Sípíkà tó ní ibikíbi téèyàn bá jókòó dára, òun ló rà, kó lè jókòó sójú kan. Ìyá àwọn ọmọ yọjú, onílé ní kó jọ̀ọ́, kó padà sẹ́yìn, ara rẹ̀ ń fa ohùn mu.

Ti fóòmù ló wá jù. Nígbà tí ohùn bẹ̀rẹ̀ sí í padà láti ara ògiri, gẹ́gẹ́ bí ìlérí ẹni tó tà á, ó ní yàrá ti ń pariwo jù. Ó bá ra fóòmù, ó lẹ̀ ẹ́ mọ́ ẹ̀yìn, ó lẹ̀ ẹ́ mọ́ ẹ̀gbẹ́, ó gun àkàbà lọ bá àjà. Ó sanwó kí ohùn lè kan ògiri, ó tún sanwó kí ògiri má baà dáhùn, bí ẹni tó fọwọ́ ara rẹ̀ da omi sílẹ̀ tó wá ń wá akísà kiri.

Ká ní ó wo yàrá kó tó wo sípíkà ni. Ohùn ń sáré tó mítà 343 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Bí sípíkà bá fi mítà kan jìnnà sí ògiri ẹ̀yìn, ohùn tó lọ kan ògiri á fi nǹkan bí ìdá 6 nínú 1,000 ìṣẹ́jú àáyá pẹ́ ju èyí tó wá tààrà sétí lọ. Etí á pa méjèèjì pọ̀, orin á fẹ̀. Ẹ wá tì í dé sẹ̀ǹtímítà 30 sí ògiri torí pé yàrá há: ìdádúró yẹn ò ní tó ìdá 2 nínú 1,000, ohùn méjèèjì á máa jẹ ara wọn níbì kan, wọ́n á máa gbe ara wọn níbòmíràn, olórin á sì máa fi imú kọrin. Bí gíláàsì bá tún wà lósì tí kọ́tìnì tó nípọn wà lọ́tùn-ún, olórin ọ̀hún á kúrò láàárín, á lọ dúró sídìí fèrèsé. Kéèyàn pàtẹ́wọ́ lẹ́ẹ̀kan láàárín yàrá, kó tẹ́tí sí bó ṣe dáhùn, ì bá ti fura, ọ̀fẹ́ sì ni. Ṣùgbọ́n ta ló ń gbé fọ́tò àtẹ́wọ́ sórí Instagram?

N kò ní sípíkà yìí ò dára o. Ilé tí èèyàn ti ń wọlé tí wọ́n ń jáde, tí ọmọdé ń ṣeré, tí àwọn àgbà ń tàkúrọ̀sọ, tẹ́nikẹ́ni ò jókòó pẹ́ lójú kan, ibẹ̀ ló yẹ ẹ́. Ibẹ̀ gan-an ni kì í dé.

Àwọn Bang & Olufsen ti ilẹ̀ Dẹ́ńmáàkì ló mọ àwọn oníbàárà wọn. Beolab 90 tí wọ́n gbé jáde ní 2015 ní ẹnu 18 lára sípíkà kan ṣoṣo, onílé ló sì máa yàn bóyá kí ohùn lọ tóóró sọ́dọ̀ ẹnì kan, kó fẹ̀ díẹ̀, tàbí kó yí gbogbo yàrá ká. Bí àlejò bá wà nílé, ohùn á yí yàrá ká, kí wọ́n lè rí nǹkan bẹ̀rẹ̀ gbọ́ lẹ́yìn ìlẹ̀kùn. Àlejò tó ń lọ ò ní tíì dé ẹnu géètì tí ohùn á ti padà di tóóró, ó di orí àga kan ṣoṣo yẹn.