Àìsàn ẹran kì í ṣe ti ẹran nìkan

Níbi ìpàdé ọmọ ìlú wa ní Kubwa, l'Abuja, lọ́jọ́ Àìkú tó kọjá, ẹ̀gbọ́n kan dìde, wọ́n ní àìsàn ẹran, ti ẹran ni, àìsàn ènìyàn, ti ènìyàn. "Kí ni dókítà màlúù ń wá ní ọsibítù?" Àwọn èèyàn pàtẹ́wọ́. Inú bí mi débi pé mi ò fọwọ́ kan oúnjẹ tí wọ́n gbé wá.

Ká ní bó ṣe rí nìyẹn, ọmọ àbúrò mi ì bá ti kú.

Ajá àdúgbò ló bù ú jẹ lẹ́sẹ̀. A gbé e lọ sí ọsibítù kan, wọ́n di ojú ọgbẹ́, wọ́n gún un ní abẹ́rẹ́ tetanus, wọ́n ní ká máa lọ sílé. Ẹnikẹ́ni ò béèrè ajá. Aládùúgbò wa kan tó jẹ́ dókítà ẹran ló béèrè lálẹ́ ọjọ́ náà: Ta ló ni ajá? Ṣé ó ti gba abẹ́rẹ́? Ṣé ọmọ ló tọ́ ọ, àbí ó kàn dédé bù ú jẹ? Ó ní kí wọ́n má pa ajá náà, kí wọ́n dè é, kí wọ́n máa ṣọ́ ọ fún ọjọ́ 10, torí ajá tí dìgbòlugi bá ti wà nínú itọ́ rẹ̀ kì í lò jù bẹ́ẹ̀ lọ láyé. Ó ní ká tún fi ọṣẹ àti omi fọ ẹsẹ̀ ọmọ fún ìṣẹ́jú 15. Lójú wa níbẹ̀ ló pe dókítà kan tó mọ̀ ní ọsibítù mìíràn, wọ́n jọ sọ̀rọ̀, nígbà tí ilẹ̀ mọ́ wọ́n bẹ̀rẹ̀ abẹ́rẹ́ dìgbòlugi fún ọmọ. Lọ́jọ́ kẹrin, ajá ò lè gbé omi mì mọ́. Lọ́jọ́ kẹfà, ó kú. Wọ́n gbé orí rẹ̀ lọ sí ilé ìwádìí àìsàn ẹran tó wà ní Vom, nítòsí Jos, fún àyẹ̀wò. Dìgbòlugi ni.

Tí dìgbòlugi bá ti fara hàn lára ènìyàn, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má sí ẹni tó ń yè é. Nínú 100 èèyàn tó ń pa, bíi 99 ló jẹ́ pé ajá ló kó o ràn wọ́n. Ta ló wá ń gún ajá lábẹ́rẹ́? Dókítà ẹran náà ni.

Ní oṣù keje ọdún 2023, ní oko ẹran kan lójú ọ̀nà Abuja sí Kaduna, lápá Suleja, ẹran ń kú, ẹ̀jẹ̀ tí kò dì ń jáde ní imú àti ìdí wọn. Anthrax ni, àìsàn ẹran tó lè ran ènìyàn, tó sì lè pa á. Ṣé Suleja jìnnà sí Kubwa ni? Àìsàn adìyẹ tí wọ́n ń pè ní bird flu, tó bẹ́ sílẹ̀ ní Jaji, ní Kaduna, ní 2006, pa obìnrin kan ní Èkó ní 2007.

Wọ́n á ní bàbá àwọn jẹ òkúǹbete, ẹran tó kú fúnra rẹ̀, títí, nǹkan kan ò ṣe wọ́n, pé iná ń pa gbogbo rẹ̀. Ẹni tó kun ẹran náà ti fọwọ́ kan ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kí iná tó dé. Mo gbà pé ọ̀pọ̀ àìsàn ẹran ni kì í ràn wá, kì í sì í ṣe gbogbo ajá tó bá buni jẹ ló ní dìgbòlugi.

Ẹ̀gbọ́n yẹn ní ajá méjì nílé. Mo bi wọ́n lẹ́yìn ìpàdé bóyá àwọn ajá náà ti gba abẹ́rẹ́, wọ́n ní rárá. Mo ti fi nọ́ńbà dókítà ẹran àdúgbò wa ránṣẹ́ sí wọn.