Ẹ Fi .890 Yẹn Sílẹ̀ Ná

Ó tún ti dé o. Ọmọ ọdún 19 ṣọ́lé nínú eré 12 péré, .890 ni wọ́n kọ sí iwájú orúkọ rẹ̀, ìyẹn ni pé bí wọ́n bá gbá 1,000 sójúlé rẹ̀, 890 ló ń mú, ni gbogbo ẹnu bá là: kò lè débì kankan. Ẹnìkan tiẹ̀ fi òwe gbè é lẹ́sẹ̀, pé ọmọ tí yóò jẹ́ àṣàmú, kékeré ló ti ń jẹ́nu ṣámúṣámú. Eré 12! Nínú họ́kì orí yìnyín, níbi tí pọ́ọ̀kì, ohun pẹlẹbẹ roboto tí wọ́n ń fi igi gbá, ti lè kan bàtà ẹni tiwọn kó sì yà wọlé!

Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Ká ní pọ́ọ̀kì 25 ló ń wá sójúlé rẹ̀ nínú eré kọ̀ọ̀kan. Eré 12, ó di 300. Ẹni tó mú 267 nínú rẹ̀, tí 33 wọlé, .890 nìyẹn. Ẹni tó mú 273, tí 27 wọlé, .910 ni, òun lẹ ó sì máa pè ní ọjọ́ iwájú ikọ̀ yín. Góòlù 6 péré ló pín wọn níyà, ìyẹn ẹyọ kan nínú eré méjì-méjì. Bẹ́ẹ̀, bí ẹni tó jẹ́ .910 délẹ̀délẹ̀ bá kojú pọ́ọ̀kì 300, oríire nìkan tó láti gbé e dé .927, oríburúkú náà tó láti já a wálẹ̀ sí .893, láìjẹ́ pé ohunkóhun yí padà lára rẹ̀. Ó sì máa ń kọjá bẹ́ẹ̀ nígbà míì.

Nọ́ńbà yẹn ò tún sọ irú pọ́ọ̀kì tó wá. Èyí tí wọ́n gbá láti ẹ̀gbẹ́ ògiri, tí aṣọ́lé ń wò ó bọ̀ láti òkèèrè, ẹyọ kan ni wọ́n kà á sí. Èyí tí wọ́n ta láti òsì sọ́tùn-ún kọjá iwájú àwọ̀n, tí ẹni tó gbà á ò tiẹ̀ dá a dúró kó tó gbá a, ẹyọ kan náà ni. Ikọ̀ tó ń jẹ́ kí wọ́n gbá 35 láti ọ̀nà jíjìn lè sọ aṣọ́lé lásán di akọni nínú ìwé. Ikọ̀ tó ń gba 20 péré, ṣùgbọ́n tí 8 nínú rẹ̀ ń gba iwájú àwọ̀n kọjá, lè ba ti ẹlẹ́bùn jẹ́. Mo mọ̀ pé ìṣirò tuntun wà tó ń díwọ̀n bí pọ́ọ̀kì kọ̀ọ̀kan ṣe léwu tó. Ó sàn ju ti àtijọ́, àmọ́ òun náà nílò pọ́ọ̀kì rẹpẹtẹ kó tó lè sòótọ́. Ẹ má tiẹ̀ dárúkọ iye góòlù tó ń wọlé ní ìṣẹ́jú 60 fún mi, ẹ̀ṣẹ̀ gbogbo ikọ̀ nìyẹn.

Ẹsẹ̀ ni kí ẹ wò. Àwọ̀n fẹ̀ tó ẹsẹ̀ bàtà 6, ó ga tó 4, pọ́ọ̀kì ò sì ju ínǹṣì 3 lọ. Kò sí ọwọ́ tó yá tó láti bo ìyẹn. Ibi tí aṣọ́lé ti dúró sí kí wọ́n tó gbá a ló ń bá a mú un. Bí wọ́n bá ta pọ́ọ̀kì kọjá iwájú rẹ̀, orí ló yẹ kó kọ́kọ́ yí kí ojú lè bá a, kí ẹsẹ̀ wá gbé e débẹ̀, kó sì dúró jẹ́ẹ́ kí igi tó kan pọ́ọ̀kì. Ọmọ tó ṣì ń yọ̀ lọ nígbà tí wọ́n gbá a ti la ihò méjì sílẹ̀: àárín ẹsẹ̀ rẹ̀ àti abẹ́ apá rẹ̀.

Lẹ́yìn tó bá kúnlẹ̀ tán, tí orúnkún méjèèjì kanlẹ̀, tí páàdì, ìbòrí ẹsẹ̀ rẹ̀, nà sọ́tùn-ún sósì bí ìyẹ́ labalábá, ẹ wo ẹsẹ̀ tó kọ́kọ́ gbé. Bí pọ́ọ̀kì bá ta sí òsì, ẹsẹ̀ ọ̀tún ló yẹ kó gbé, kó fi ti ara rẹ̀ lọ. Ọ̀pọ̀ ọmọ ń gbé èyí tó sún mọ́ pọ́ọ̀kì. Wọn á dìde lóòótọ́, ṣùgbọ́n ojú kan náà ni wọ́n máa wà. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ òpó àwọ̀n ńkọ́? Àṣà òde òní ni kí wọ́n tẹ́ páàdì kan sílẹ̀ kí wọ́n sì fara ti òpó. Ó dáa bí pọ́ọ̀kì bá wà lẹ́yìn àwọ̀n. Àwọn kan sì ti máa ń lọ sílẹ̀ kí ẹni tó mú pọ́ọ̀kì tó pinnu ohun tó fẹ́ ṣe, òkè èjìká wọn á wá ṣí sílẹ̀ gbayawu. Ẹ wo ibi tí pọ́ọ̀kì tó bá páàdì ń ta sí, bóyá igun ni tàbí iwájú àwọ̀n. Kóòṣì tó mọṣẹ́ lè tún èyí tó pọ̀ jù nínú wọn ṣe. Ojú tó ń wá pọ́ọ̀kì rí láàárín ẹsẹ̀ èèyàn mẹ́rin, ìyẹn ló ṣòro láti kọ́ni.

Ọmọ gíga tó ń mú gbogbo rẹ̀ ní ọdún 17 nítorí pé ara rẹ̀ kún inú àwọ̀n, nọ́ńbà tirẹ̀ á dùn ún kà. Kó dé ọ̀dọ̀ àwọn àgbà tó lè fojú sun ihò tó kù ná.

Ẹ rántí New York Islanders, ikọ̀ kan nínú NHL, líìgì họ́kì ńlá ti Amẹ́ríkà àti Kánádà, ní 2000. Roberto Luongo wà lọ́wọ́ wọn, ọmọ ọdún 21. Sáà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ parí, eré 24 ló ti ṣọ́lé, 7 péré ló borí. Ọjọ́ dráfùtì gan-an, ìyẹn ọjọ́ tí àwọn ikọ̀ ń tò tẹ̀léra wọn láti yan àwọn ọ̀dọ́ tuntun, ni wọ́n fi í ṣe pàṣípààrọ̀ lọ sí Florida Panthers, wọ́n sì fi ipò kìíní mú aṣọ́lé mìíràn, Rick DiPietro. Luongo borí nínú eré 489 kó tó fẹ̀yìn tì. Ti DiPietro ò kọjá 130. Ní dráfùtì yẹn kan náà, Henrik Lundqvist, aṣọ́lé tó wá di ìlú-mọ̀-ọ́n-ká, wà nílẹ̀ títí dé ipò 205 kí Rangers, aládùúgbò wọn, tó mú un.

Ibẹ̀ ló ti wá ń dùn mí. Kì í ṣe nọ́ńbà ni wọ́n fi mú DiPietro. Ojú ni. Wọ́n rí i pé ó mọ igi lò, pé ó lè jáde kúrò nínú àwọ̀n lọ ta pọ́ọ̀kì fún ẹni tirẹ̀ bí ẹni pé adènà kẹta ni. Irọ́ kọ́, ó mọ̀ ọ́n ṣe. Ní 2006, wọ́n fún un ní àdéhùn ọdún 15, mílíọ̀nù dọ́là 67.5. Ìbàdí àti orúnkún rẹ̀ ni ò gbà fún un, ìwòran kankan ò sì lè fi ìyẹn hàn.

Ọdún mẹ́ta ni àdéhùn àkọ́kọ́ ọmọ ọdún 19 nínú NHL. Bó bá jẹ́ igbákejì aṣọ́lé tó ń ṣọ́lé ní eré 20 lọ́dún, tí pọ́ọ̀kì 28 ń wá nínú eré kan, 1,680 ni gbogbo ohun tó máa rí kí àdéhùn tó parí, oríire sì ṣì lè gbé nọ́ńbà rẹ̀ sókè sódò ní .007. Wọ́n gbọ́dọ̀ pinnu nígbà náà, bóyá nọ́ńbà ti gbó tàbí kò tíì gbó. Ojú náà ni wọ́n tún máa fi pinnu. Ojú kan náà tó fo Lundqvist ní ìgbà 204.