Bọ́ọ̀lù tó ń trend kọ́ ni bọ́ọ̀lù tí èrò ń wò jù

Ní ìsọ̀ onígbàjámọ̀ kan ní Ojúẹlẹ́gba, ọ̀rọ̀ yìí fẹ́rẹ̀ẹ́ dìjà. Ọmọ Arsenal kan na fóònù rẹ̀ sókè bí ẹni gba ife-ẹ̀yẹ: bọ́ọ̀lù tàwọn ló ń trend lórí Google, torí náà gbogbo Nàìjíríà ló ń wò ó. Irọ́ ni o.

Google kì í ka orí èrò kó tó ní nǹkan ń trend. Fífò ló ń wò: báwo ni wọ́n ṣe ń wá ọ̀rọ̀ yìí tẹ́lẹ̀, báwo ló ṣe ròkè lójijì? Ọjà Balógun kún fọ́fọ́ lójoojúmọ́, kò sẹ́ni tó ń béèrè pé kí ló dé. Ṣùgbọ́n kí ọgbọ̀n ènìyàn péjọ sí àdúgbò jẹ́jẹ́ kan ní Surulere, kíá ni gbogbo fèrèsé á ṣí. Nọ́ńbà 100 tí ẹ ń rí nínú Google Trends, ojú-ewé tí Google ti ń fi bí wọ́n ṣe ń wá ọ̀rọ̀ hàn, kì í ṣe 100 ènìyàn. Ibi tí wíwá ọ̀hún ga dé jù ni, láàárín àkókò àti ìlú tí ẹ yàn.

Èyí tó tiẹ̀ ń pa mí lẹ́rìn-ín ni pé ẹni tó ń wo bọ́ọ̀lù kì í sáábà wá a. Ojú rẹ̀ wà lára tẹlifíṣọ̀n, kí ló tún ń wá? Ní ọjọ́ 7 oṣù kejì 2024, Super Eagles pàdé Gúúsù Áfíríkà ní Bouaké, bọ́ọ̀lù tó kángun sí àṣekágbá AFCON. Osimhen gbá ẹlẹ́ẹ̀kejì wọlé, ilé ìwòran tí mo wà ní Mushin dàrú fún ayọ̀. Bí rẹfirí ṣe ń lọ wo VAR, fídíò tó fi ń yẹ ìdájọ́ wò, ni jẹnẹrétọ̀ kú. Fóònù ló tan gbogbo yàrá. Ẹnìkan ń tẹ "Nigeria South Africa score", ẹnìkan ń bi Google ìdí tí wọ́n fi fagi lé góòlù wa. Ìyàlẹ́nu gbáà: pẹnáritì ni wọ́n tún fún Gúúsù Áfíríkà, ó di 1-1. Nígbà tí Nwabali, aṣọ́lé wa, gbà wá sílẹ̀ ní 4-2 nínú pẹnáritì àgbátán, ọ̀gbẹ́ni ẹ̀gbẹ́ mi kò bá wa yọ̀. Ó ti ta tẹ́tẹ́ pé a máa borí láàárín 90 mínítì, tíkẹ́ẹ̀tì ti já.

Irú wa ló ń gbé bọ́ọ̀lù sókè lórí Google: ẹni tí wọ́n mú iná rẹ̀ lọ, ẹni tó há sínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ Third Mainland, ẹni tó ta tẹ́tẹ́ lé kilọ́ọ̀bù tí kò mọ orúkọ rẹ̀ pè.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ sì ń tẹ orúkọ kilọ́ọ̀bù yín léraléra kó lè gòkè, ẹ sinmi. Google máa ń yọ àwítúnwí ẹnìkan láàárín àkókò díẹ̀ kúrò nínú ìṣirò Trends. Ọmọ Arsenal wa tẹ̀ ẹ́ tó ogún ìgbà lójú mi, títí onígbàjámọ̀ fi ní kó gbé orí dúró, àbí ṣé ó fẹ́ kí òun gé e létí ni.